Fíìmù Kan Kì Í Dá Wá: Ìrírí Mi Nínú Ẹgbẹ́ Fíìmù ní Àgọ́-Ìwòyè

Èmi ni akọ̀wé ètò fún ẹgbẹ́ fíìmù àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè ní sáà tó kọjá. Oyè náà tóbi ju iṣẹ́ ibẹ̀ lọ. Èmi ni mò ń yan fíìmù, èmi ni mò ń kọ lẹ́tà tọrọ àṣẹ, èmi náà sì ni wọ́n máa ń kígbe mọ́ bí iná bá lọ nígbà tí eré ti wọ̀ wọ́n lára. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ iléèwé mìíràn ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Rẹ́mọ fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, mo sì gbọ́ pé ìjà "fíìmù wo ló dáa jù" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, bóyá wọ́n á fi ìjà yẹn sílẹ̀. Bí alẹ́ kan ṣe máa dùn tó, kò sí lọ́wọ́ fíìmù nìkan. Ó wà lọ́wọ́ fíìmù tí ẹ wò ṣáájú rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì ọ́, àti lọ́wọ́ bóyá etí rẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀.

Igun méjì ló wà nínú ẹgbẹ́ wa. Igun kan fẹ́ kí a máa wo tuntun nìkan: Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022, Jagun Jagun ti 2023, House of Ga'a ti 2024. Wọ́n ní ta ló fẹ́ kúrò nínú yàrá rẹ̀, kó gun ọ̀kadà lálẹ́, torí fíìmù tí àwòrán rẹ̀ ti ṣá, tí ohùn rẹ̀ ń lọ ń bọ̀. Igun kejì, tí púpọ̀ nínú wọn ń kọ́ nípa eré orí ìtàgé, ní kò tún sí fíìmù kankan lẹ́yìn ìgbà Ògúndé àti Bàbá Sàlá. Àwọn méjèèjì ń pa irọ́, ṣùgbọ́n irọ́ tó wúlò ni, nítorí inú àríyànjiyàn yẹn ni a ti rí òfin tí a fi ṣiṣẹ́: kò sí fíìmù tó máa dá wá. Bí a bá fi ti àtijọ́ hàn lọ́sẹ̀ yìí, tuntun kan tó jẹ́ ẹbí rẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé e. Ẹbí tí mò ń wí yìí, kò pọn dandan kí wọ́n jọra. Ó lè jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń bá ara wọn jà.

Kí n tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣẹ. Pé o san owó Netflix fún ara rẹ kò sọ pé kí o fi han odindi gbọ̀ngàn. Ìlò tìrẹ àti ti ará ilé rẹ ni wọ́n tà fún ọ. Èyí tí o wà jáde látorí Telegram, olè ni, kò ní orúkọ méjì. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ń fi èyí ṣe ẹ̀rín rín, àfìgbà tí a sọ ìtàn Ọ̀run Móoru fún wọn. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀, ló gbé fíìmù yẹn jáde ní 1982, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Èèyàn ń wọ́ lọ wò ó, àfi bí àwọn olè ṣe dà á sí fídíò tí wọ́n ń tà á káàkiri. Owó tí bàbá yá fi ṣe fíìmù wọlé sí àpò ẹlòmíràn, gbèsè sì di ti ẹni tó ń pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín. Ó kú ní 2018, títí dìgbà náà ni àwọn èèyàn ṣì ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn tán tó ṣì fẹ́ wo ayédèrú, kó dúró sí yàrá rẹ̀ wò ó. Nítorí náà, a kọ lẹ́tà. Àwọn kan dá wa lóhùn kíá, àwọn kan dá iye tí apá wa ò ká, àwọn kan kò sọ nǹkan kan títí di òní. Bí àwọn lẹ́tà yẹn ṣe ń padà wá ni ètò wa ń yí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun tí igun kìíní ń pariwo lé lórí, a ò rí wọn fi hàn.

Ti àtijọ́ ní wàhálà tirẹ̀: ẹ̀dà dà? Láti 1976 tí fíìmù Àjàní Ògún ti jáde títí dé ìparí àwọn ọdún 1980, orí sẹ́lúlọ́ìdì, ìyẹn téèpù fíìmù tí kámẹ́rà àtijọ́ ń lò, ni àwọn eléré wa ń ya fíìmù sí, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Bó bá ti dé, ọ̀gá eré fúnra rẹ̀ ni yóò kó fíìmù àti pírójẹ́tọ̀ sínú mọ́tò, láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn iléèwé dé hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀dà tí wọ́n ní kò pọ̀, ìrìnkèrindò yẹn sì ń họ ọ́. Nígbà tí náírà wá já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n máa fi fọ fíìmù kò ṣeé rà mọ́, wọ́n bá kó lọ sí fídíò. Púpọ̀ nínú ohun tó ṣẹ́kù fún wa lónìí, ẹ̀dà tí wọ́n dà látinú ẹ̀dà ni.

Fíìmù tí a fi ṣí sáà kò sí ẹni tó retí rẹ̀: The Immigrant, tí Charlie Chaplin ṣe ní 1917. Kò gùn tó ìdajì wákàtí, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ti dàgbà kọjá ohun tí èèyàn ń tọrọ àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà. Ìdí tí mo fi yàn án gan-an ni pé ọ̀rọ̀ jápa ni. Inú ọkọ̀ ojú omi ni eré ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń wá ayé lọ sí Amẹ́ríkà ló kún inú rẹ̀. A rí ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó doríkodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta, gbogbo wa gbà pé èébì ló ń bì. Ó yíjú padà, ẹja ló fà jáde. Gbọ̀ngàn fọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ kan ère Òmìnira ní New York, tí gbogbo wọn dìde láti wò ó, àwọn òṣìṣẹ́ na okùn dí wọn mọ́ ibi kan. Ẹ̀rín dẹ̀. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ìntáfíù rèé o!" ẹ̀rín tún ṣẹ́, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rín mìíràn ni.

Láyé ìgbà tí wọ́n ṣe irú fíìmù báyìí, olórin máa ń jókòó sínú gbọ̀ngàn, tí yóò máa lu dùùrù tẹ̀ lé e. A ò ní dùùrù. A ní ọmọkùnrin kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó tí wọ́n bí sí ìdílé Àyàn, ó sì gbé gángan rẹ̀ wá. A ní kó kọ́kọ́ wo fíìmù náà kó lè mọ ibi tó máa lù, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kì í kọ́kọ́ lọ wo òde kí òun tó lọ lù ú. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ àwòrán, ó kọjú sí i, ó gbé ìlù há abíyá.

Ibi tí mi ò lè gbàgbé ni ilé oúnjẹ. Charlie rí owó ẹyọ kan nílẹ̀ ní ìta, ó sọ ọ́ sí àpò, àpò sì ti lu, owó já bọ́; òun kò mọ̀, àwa mọ̀. Ó wọlé, ó ń jẹ ẹ̀wà. Agbáwo ilé oúnjẹ náà, òmìrán ọkùnrin kan, ń lu oníbàárà tí owó rẹ̀ dín sẹ́ńtì mẹ́wàá péré. Gángan wá ń ki agbáwo yìí, ó ń kì í bí olóyè tó wọ òde ìnáwó, àwọn tó gbọ́ ìlù ti ń dìde nínà owó sókè. Nígbà tó kan kí Charlie ti ọwọ́ bọ àpò, tí ọwọ́ rẹ̀ yọ sísàlẹ̀, gángan bi í: "Owó dà? Owó dà?" Odindi gbọ̀ngàn dáhùn: "Kò sí!" Àwọn tó jókòó lẹ́yìn, tí wọ́n wá láti fi gbọ̀ngàn gba afẹ́fẹ́, gbé àga wọn súnmọ́ iwájú. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ya fíìmù yẹn, a ò sì ní láti ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mi ò ti gbà kí ẹnikẹ́ni máa ka ìwé gígùn ṣáájú fíìmù mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wà, kó dìgbà tí iná bá tàn.

Ohùn. Ẹ̀yin tó fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ dúró níbí díẹ̀. Orí pírójẹ́tọ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ kówó lé, ṣùgbọ́n ojú máa ń forí jini, etí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán tó ṣá, tó ní ìlà, kò ní pẹ́ tí ojú á fi gbà á. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọfọ̀ tí babaláwo ń pè, fóònù ni yóò mú jáde, ó sì ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹni tó gbà wá ni àbúrò kan tó ń ṣe sáúndì ní fẹ́lóṣíìpù. Ó wọ gbọ̀ngàn, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ́tí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ògiri yín ló ń sọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe sípíkà."

Ó gbé sípíkà méjèèjì kúrò níwájú, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì láàárín gbọ̀ngàn, orí tábìlì, kí ohùn lè ṣe déédéé etí ẹni tó jókòó. Ó yí béèsì sílẹ̀ gidi. "Béèsì ni gbogbo yín fẹ́ràn, òun náà ló ń pa ọ̀rọ̀," ó ní, ó wá gbé àárín sókè díẹ̀, níbi tí ohùn èèyàn ń gbé. Ó ku ògiri ẹ̀yìn tó ń dá ohùn padà. Àwọn ọmọbìnrin ilé kan kó kọ́tìnì àtijọ́ àti àǹkárá tó ti gbó wá, a so wọ́n kọ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Gbọ̀ngàn náà kò lẹ́wà mọ́, ó kàn jọ ẹ̀yìnkùlé alágbàfọ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ̀rọ̀ yékéyéké. Jẹnẹrétọ̀, a ra wáyà gígùn, a gbé e lọ sẹ́yìn ilé kejì. Gbogbo èyí kò ná wa tó ìdajì owó pírójẹ́tọ̀ tuntun tí àwọn kan ti ń dámọ̀ràn.

A nílò ohùn yẹn fún Ògúndé. Òsósà ni ìlú Hubert Ògúndé, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ẹnu sì yà mí pé àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan nínú ẹgbẹ́ kò mọ̀. Wọ́n rò pé ará Èkó ni. Ọdún 1945 ló dá ẹgbẹ́ eré rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ náà nítorí eré Yorùbá Ronú. Nígbà tí yóò fi ṣe Aiyé ní 1979, pẹ̀lú Ọlá Balógun tó darí rẹ̀, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń dúró níwájú èrò tí wọ́n ń dá a lóhùn láti orí ìjókòó.

Èyí ló fa ìjà tó gbóná jù nínú sáà wa. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n máa ń wo sinimá ní Èkó ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ Aiyé, ìyá ọlọ́jọ̀jọ̀ tó máa ń ta ọjà lẹ́nu ọ̀nà wọlé. Wọ́n ti rí àwòrán lára ògiri, wọ́n bi wá pé, "Ògúndé wo? Ògúndé wa?" A ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n gbé abọ́ ọ̀jọ̀jọ̀ wọn sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìjókòó, wọ́n jókòó sáàárín àwọn ọmọ tí wọ́n lè bí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń kọrin ṣáájú kí àwọn tó wà nínú fíìmù tó kọ ọ́. Nígbà tí Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe, yọ síta, màmá ní, "Ẹ káàbọ̀ o, bàbá," bí ẹni ń kí àlejò. Akápò wa yíjú padà láti sọ pé kí wọ́n dákẹ́. Ọmọbìnrin tó jókòó tì wọ́n ló dá a lóhùn: "Ẹ jẹ́ kí màmá sọ̀rọ̀ jàre, ẹnu wọn ni mo ti ń gbọ́ ọ yé."

Òótọ́ ni. Láti ìgbà náà, ìlà ìjókòó yẹn ti tẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ màmá. Wọ́n ń sọ ẹni tí eléyìí jẹ́ sí tọ̀hún, ìdí tí wọ́n fi gbé nǹkan báyìí sí ìkóríta, ohun tí orin kan ń dọ́gbọ́n sọ. Wọ́n ní àwọn ṣì kéré nígbà tí wọ́n gbé fíìmù náà wá sí ìlú àwọn, pé gbọ̀ngàn iléèwé ni wọ́n ti fi hàn, pé ilé ni oníkálùkù ti ru àpótí ìjókòó wá, àti pé fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ọmọ tó gbà kí wọ́n rán òun níṣẹ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Nígbà tí iná tàn, àwọn ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ bínú sí fíìmù náà, tó dá lórí ìjà babaláwo pẹ̀lú àwọn àjẹ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé obìnrin ni gbogbo ibi ń ti ọwọ́ rẹ̀ wá, tí ọkùnrin sì ń gba ayé là? Mo gbà pẹ̀lú wọn, mo ṣì gbà. Màmá gbọ́ ọ títí, wọ́n gbé abọ́ wọn, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín pé ọkùnrin ò sí nínú ẹgbẹ́ wọn?" wọ́n sì jáde. Ìwé ara ilẹ̀kùn náà já lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò mọ ẹni tó já a, mi ò sì wádìí.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ariwo ló borí. Fíìmù tí a so mọ́ Aiyé ni Mami Wata, tí C.J. Obasi darí, dúdú àti funfun látòkè délẹ̀. Lílis Soares, obìnrin ará Brazil, ló di kámẹ́rà rẹ̀ mú, iṣẹ́ rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn ní Sundance ní 2023. Agbára awo àti obìnrin lòun náà dá lé, ó kàn yí ojú ọ̀rọ̀ padà: obìnrin ló dúró láàárín ìlú àti òrìṣà omi, ọkùnrin tó ti ìta wọlé ló tú ìlú ká. Fíìmù yẹn kò fi àyè ìdáhùn sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ á pàdánù ohun tí ojú ń sọ fún ojú. Ògúndé máa ń dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kí o lè sọ tìrẹ, torí inú eré orí ìtàgé ló ti jáde. Àwọn tuntun kì í dúró dè ọ́. Bí a ṣe pín in nìyẹn: a ń kọ ọ́ sára ìwé ìpolówó pé alẹ́ ariwo ni tàbí alẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Ó rọrùn, ó sì parí ìjà.

Ṣaworoidẹ kò gba àlàyé púpọ̀. Túndé Kèlání gbé e jáde ní 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì rí díẹ̀ nínú rẹ̀. Alẹ́ ariwo ni, dájúdájú. Àwọn kan kò mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe Arẹ́sẹ̀jábàtá ni Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Ade Love, tó ti wà nínú Àjàní Ògún ní 1976. Igun fíìmù tuntun wá rí i pé ẹni tí wọ́n ń fi yangàn, inú ilé àtijọ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ohun tó jẹ́ kí alẹ́ yẹn yàtọ̀ ni ìlú. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ tó gorí ìtẹ́ ní 1960, ti wàjà ní oṣù Keje 2025, ọ̀rọ̀ ọba jíjẹ sì wà lẹ́nu gbogbo Ìjẹ̀bú. Bí Lápitẹ́, ọba inú fíìmù náà, ṣe kọ̀ láti sín gbẹ́rẹ́ tó yẹ kó sín kó tó dé adé, gbọ̀ngàn dàrú. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó kan ń bá ọmọ Ṣàgámù kan jiyàn lórí iṣẹ́ afọbajẹ títí fíìmù fi parí, àwọn méjèèjì kò sì rí ìparí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni Mandabi bọ́ sí, òjò sì rọ̀. Ìwọ̀nba wa la wò ó, àwọn tó wá sì kó gààrí Ìjẹ̀bú àti ẹ̀pà wá, nítorí àwa ò ní gúgúrú tí wọ́n ń jẹ ní sinimá. Sembène ará Senegal ló ṣe é ní 1968, ní èdè Wolof. Ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbálẹ̀ títì ní Paris fi owó ránṣẹ́ sí Ibrahima Dieng nílé. Kó lè gba owó náà ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Kó lè gba káàdì, ìwé ọjọ́ ìbí. Kó lè gba ìyẹn, ọ̀nà mìíràn. Gbogbo àdúgbò ti ń yá owó tí kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀, àwọn tó mọ̀wé sì ń yí i. Mo rí àwọn ọmọ ọdún kẹrin tí wọ́n ń ṣe kílíáránsì lọ́wọ́ tí wọ́n kàn ń mi orí. Ọ̀kan ní, "Ó ku kí wọ́n ní kó lọ mú NIN wá." Lójú tèmi, òun ni fíìmù tó dára jù nínú gbogbo sáà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó rí i kò pọ̀.

Mo fi í síbẹ̀ torí ohun tó máa tẹ̀ lé e. Eyimofe, ti 2020, àwọn ìbejì Arie àti Chuko Esiri ló darí rẹ̀, orí sẹ́lúlọ́ìdì 16mm ni wọ́n sì ya á sí, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi í sílẹ̀. Èkó ni. Ọkùnrin oníṣẹ́ iná kan, Mofẹ́, fẹ́ lọ Spain. Obìnrin kan, Rosa, fẹ́ lọ Ítálì. Ìwé, owó, ìwé, owó. A ti wo ẹni tó wà nínú ọkọ̀, a ti wo ẹni tó ń dúró de owó nílé, ó wá kan àwọn tí kò tíì kúrò níbi tí wọ́n wà.

Wáyà tó lọ́ pọ̀ mọ́ra ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá, irú èyí tí a máa ń rí lára òpó iná ní gbogbo àdúgbò, tí Mofẹ́ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu láti tún un ṣe ní ibi iṣẹ́. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà, èéfín jẹnẹrétọ̀ pa arábìnrin rẹ̀ àti àwọn ọmọ inú ilé lójú oorun. Fíìmù náà kò pariwo níbẹ̀, kò lu ìlù ìbànújẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, gbogbo wa ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tiwa láti ẹ̀yìn ilé kejì. Ọmọkùnrin kan dìde, ó jáde, a gbọ́ bó ṣe ń sáré. Ó padà wá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní òun kàn lọ wo ibi tí èéfín ń fẹ́ sí ni.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ kámẹ́rà lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ń sọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà ní ilé tí oníkálùkù ń gbé: inú kọ̀rídọ̀, abẹ́ wíńdò, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì torí olè. Ọmọ kan tó ń kọ́ kẹ́mísírì ṣàlàyé pé gáàsì tó ń pa èèyàn nínú èéfín yẹn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, pé ẹni tó ti sùn kò ní mọ̀ rárá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn tó ń gbé ilé kan lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó gbé tiwọn síta, wọ́n ra ṣéènì fi dè é mọ́ igi. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Bí a bá ti fi Eyimofe hàn ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹnikẹ́ni, mi ò rò pé ẹnì kan máa sọ ibi tí òun ń sùn láàárín àjèjì.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Kàrún-ún 2023, epo ni ìnáwó wa tó tóbi jù, ó ju owó gbọ̀ngàn lọ. A kò gba owó ìwọlé; a gbé ike kan sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá ń jáde, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá ń wọlé. Ẹni tó ti gbádùn máa ń fi owó síbẹ̀ ju ẹni tó ń ṣiyèméjì lọ. Alẹ́ gángan ló mú owó wá jù. Mandabi kò mú owó epo wá.

Mo ti gbé ìwé lé ẹni tó gbapò mi lọ́wọ́, àbúrò kan láti Ìkẹ́nnẹ́. Ó fẹ́ fi Seven Samurai ti Kurosawa, ti 1954, ṣí sáà tirẹ̀, kó sì so fíìmù jagunjagun Yorùbá tuntun kan mọ́ ọn. Mo ní fíìmù yẹn lé ní wákàtí mẹ́ta, kó fi í sí àárín sáà nígbà tí èrò bá ti mọ́ra. Ó ní rárá, ẹ̀gbọ́n, inú fíìmù náà gan-an ni wọ́n ti fi àkókò ìsinmi sí, òun sì ti bá ìyá ọlọ́jọ̀jọ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá ta ọjà nígbà náà. Mo béèrè ibi tí owó epo wákàtí mẹ́ta ti máa wá. Ó ní ká kọ́kọ́ gba àṣẹ ná.